RÍRỌ LỌ́FÍŃDÀ SÍNÚ ÌGÒ KÉKERÉ

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti mọ iyì òórùn dídùn. Bí ìyàwó bá ń lọ sí ilé ọkọ, bí àwọn èwe bá ń múra ọdún, bí baba àgbà bá gbé agbádá òfì tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn hun wọ̀, ọ̀ṣọ́ náà kò ì tí ì pé, àfi bí a bá fi òórùn dídùn díẹ̀ kún un. Ojú ni a fi ń wo aṣọ nígbà tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ń bọ̀. Imú ni a fi ń mọ̀ pé ó ti kọjá. Abájọ tí ó fi ṣọ̀wọ́n kí a dé ọjà Ṣakí tàbí ti Ìsẹ́yìn, tàbí kí a kọjá lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí ńlá ní ọjọ́ Jímọ̀, kí a má rí àwọn tí ó to ìgò kéékèèké jọ sórí tábìlì, tí wọ́n ń ta lọ́fíńdà.

Ọ̀rọ̀ náà, lọ́fíńdà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtayébáyé. Lára lavender ni a ti yí i padà, èyí tí í ṣe orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ewéko kan tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, tí ó sì ń ta sánsán. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gba tùràrí; turare ni wọ́n ń pe ohun gbogbo tí ó ní òórùn dídùn, ìbáà ṣe èyí tí a ń sun nínú iná, ìbáà ṣe èyí tí a ń fi pa ara. Báyìí ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe ń tọ́ka sí ọ̀nà méjì tí ọjà náà gbà wọlé tọ̀ wá: ọ̀kan láti etí òkun, èkejì láti òkè ọya.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí dàbí iṣẹ́ ọmọdé. Ẹnì kan ní ìgò lọ́fíńdà ńlá. Ó ń lọ sí ìrìnàjò, ó sì fẹ́ mú díẹ̀ dání. Kí ni ó tún kù bí kò ṣe kí ó gbé ìgò kékeré, kí ó sì rọ ọ́ sínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ kò ì tí ì mọ irú ohun tí ó ń bá ṣe. Ohun tí ó wà nínú ìgò náà ń wá ọ̀nà àtijáde nígbà gbogbo. Ó lè gbiná. Ó sì rọrùn púpọ̀ láti fi tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rọ ọ́ dáradára ní láti dáàbò bo nǹkan mẹ́ta: òórùn tí ó wà nínú ìgò, àwọn ará ilé tí ó wà ní àyíká rẹ̀, àti ìgbẹ́kẹ̀lé ẹni tí yóò gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbígbé ohun iyebíye sínú ohun kékeré kì í ṣe àṣà tuntun láàrin wa. Kí ìgò tó pọ̀ nílẹ̀ yìí, àdó ni àwọn baba wa ń lò, ìyẹn akèrègbè wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tọ́jú oògùn sí, tí wọ́n sì ń fi ìdérí dí lẹ́nu pinpin. Àwọn obìnrin tí ń ṣe òrí ní agbègbè Ṣakí kì í gbé odidi igbá òrí lọ sí àjò. Ìwọ̀n tí yóò tó ọ lò ni wọn yóò bù dání. Nígbà tí ìgò dé, òróró olóòórùn dídùn gba inú rẹ̀ wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lókìkí jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Bint el Sudan, tí ilé-iṣẹ́ W. J. Bush ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1920. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Ọmọbìnrin Sùdáànì, àwòrán ọmọbìnrin ni ó sì wà lára ìgò rẹ̀. Òróró ni, kò ní ọtí nínú. Nítorí èyí ni àwọn Mùsùlùmí ṣe gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìgò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣe é fi sínú àpò dànṣíkí.

Lónìí, ìdí púpọ̀ ni ó wà tí àwọn ènìyàn fi ń wá ìgò kékeré. Èkínní ni owó. Lọ́fíńdà gidi wọ́n, nítorí pé ohun tí a fi ń ṣe é ṣòro láti rí. Ẹ wo òdòdó róòsì: kí a tó rí òróró rẹ̀ kìlógíráàmù kan ṣoṣo, òdòdó tí a ó já yóò ju 3,000 kìlógíráàmù lọ. Ìlú Taif, tí kò jìnnà sí Mẹ́kà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú òróró bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè ra odidi ìgò lè ra ìdá mẹ́wàá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Èkejì ni ìrìnàjò. Ṣakí kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ wa àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ará Òkè-Ògùn a sì máa rin ìrìnàjò púpọ̀, àwọn kan fún òwò, àwọn kan fún ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn fún iṣẹ́ Hájì.

Fún ẹni tí yóò bá wọ ọkọ̀ òfuurufú, òfin kan wà tí ó yẹ kí ó mọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ti tú àṣírí àwọn kan tí wọ́n ń gbèrò láti fi ohun olómi, tí wọ́n dà sínú ìgò ohun mímu, fọ́ ọkọ̀ òfuurufú túútúú lórí òkun. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fi òfin dè é pé ìgò ohun olómi tí èrò bá gbé lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju mìlílítà 100 lọ, kí gbogbo irú ìgò bẹ́ẹ̀ sì wà nínú àpò kan ṣoṣo tí a lè rí inú rẹ̀ gbòòrò, tí kò ju lítà kan lọ. Àwọn pápákọ̀ kan tí ó ti ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò tuntun ti ń dẹ òfin náà, ṣùgbọ́n ó ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ohun tí ó kù nínú ìgò ni àwọn aṣọ́bodè ń wò, bí kò ṣe ohun tí ìgò náà lè gbà. Bí ìgò yín bá gba mìlílítà 200, tí ó sì kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Fún ẹrù tí a fi sí ikùn ọkọ̀, òfin mìíràn ni ó wà níbẹ̀: ìgò kan kò gbọdọ̀ ju ìlàjì lítà lọ, gbogbo irú nǹkan ìtọ́jú ara bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kó kò sì gbọdọ̀ ju lítà méjì lọ.

Àwọn arìnrìnàjò sí Mẹ́kà ní ìdí mìíràn láti ṣọ́ra. Nígbà tí ènìyàn bá ti wọ ipò ihram, èèwọ̀ ni kí ó fi lọ́fíńdà sí ara tàbí sí aṣọ títí yóò fi parí iṣẹ́ náà dé ibi tí òfin ti dá a sílẹ̀. Bí ìgò tí a kò dé dáadáa bá jò sórí aṣọ funfun méjì tí ọkùnrin yóò ró, yóò ní láti fọ aṣọ náà títí òórùn yóò fi kúrò lára rẹ̀, kí ó tó lè lò ó. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ ìdérí ìgò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré?

Kí a tó sọ bí a ti ń rọ lọ́fíńdà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà. Èkínní ni olóròóró, tí kò ní ọtí nínú; ó ki, ó sì máa ń pẹ́ lára. Èkejì ni ọlọ́tí, níbi tí a ti po òróró olóòórùn dídùn pọ̀ mọ́ sípírítì, kí ó lè fọ́n jáde bí ìrì nígbà tí a bá tẹ orí ìgò. Orúkọ Faransé tí a kọ sí ara ìgò ni ó ń sọ bí òróró inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Èyí tí a kọ parfum sí a máa ní òróró tó nǹkan bí 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Eau de toilette a máa ní 5 sí 15. Eau de Cologne a sì máa ní 2 sí 5. Orúkọ ìlú kan ní Jámánì ni Cologne, níbi tí ọmọ Ítálì kan tí ń jẹ́ Farina ti dá ilé-iṣẹ́ lọ́fíńdà sílẹ̀ ní ọdún 1709. Ilé-iṣẹ́ náà sì wà títí di òní.

Àwọn èròjà tí ó wà nínú lọ́fíńdà kì í fò lọ ní àkókò kan náà. Àwọn tí ó fúyẹ́, bí òórùn ọsàn wẹ́wẹ́, ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Òórùn òdòdó ni ó máa ń tẹ̀ lé e. Òórùn igi àti ti oje igi ni ó máa ń kẹ́yìn, ó sì lè wà lára aṣọ di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó po lọ́fíńdà ti fi ọgbọ́n wọn wọ́n papọ̀. Nítorí náà, bí a bá fi ìgò sílẹ̀ láìdé, kì í ṣe pé òórùn rẹ̀ dín kù nìkan ni. Ó ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn tí ó fúyẹ́ ti lọ, ó ku àwọn tí ó wúwo.

Olè mẹ́ta ni ó ń jí òórùn gbé: afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Inú afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn wà, òun kan náà tí ó ń mú kí irin àwọn alágbẹ̀dẹ dípẹtà, òun náà ni ó sì ń mú kí òrí tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ máa rùn. Bí ó bá ti wọ inú lọ́fíńdà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yí i padà. Ìgò tí ó kún kò ní àyè púpọ̀ fún afẹ́fẹ́. Ìgò tí ó ti dé ìdajì ti gba olè náà sílé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa fọ́ àwọn èròjà kan sí wẹ́wẹ́, àwọ̀ lọ́fíńdà a sì máa pọ́n tàbí kí ó ṣì. Ooru ni ó burú jù fún wa ní Òkè-Ògùn, nítorí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, oòrùn ọ̀dàn kì í ṣe eré. Ìgò tí a gbé sójú fèrèsé, tàbí sí abẹ́ páànù tí kò ní àjà, tàbí sínú ọkọ̀ tí a gbé sí gbangba oòrùn, kò lè pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Inú àpótí aṣọ, nínú òkùnkùn, ní ibi tí ó tutù, ni ibùgbé lọ́fíńdà.

Nígbà tí a ti mọ èyí, iṣẹ́ náà yóò yé wa. Àwọn ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. A ó wá ìgò kékeré tí ó ní ìdérí tí ó ń dé pinpin. Kí ó jẹ́ ìgò gidi, kí ó má jẹ́ ike bí a bá lè ṣe é, nítorí pé ike mìíràn a máa fa òróró mu, òmíràn a sì máa rọ̀ tàbí kí ó sán nígbà tí sípírítì bá kàn án. Ìgò tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí tí ó dàbí àwọ̀ oyin dára ju èyí tí ó mọ́ gaara lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀. A ó wá àrọ kékeré, tàbí sìríńjì tuntun tí a kò fi abẹ́rẹ́ sí lórí. A ó wá aṣọ funfun tí ó mọ́, sípírítì díẹ̀, ìwé pélébé tí ó ṣe é lẹ̀, àti gègé.

Èkínní, ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò kékeré náà, kí ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò títí yóò fi gbẹ táútáú. Omi kò gbọdọ̀ kù nínú rẹ̀, nítorí pé òróró àti omi kì í bára wọn gbé. Ìkán omi díẹ̀ lè mú kí lọ́fíńdà tí ó mọ́ gaara di funfun bí omi ògì. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́fíńdà mìíràn ti wà nínú ìgò náà rí, ọṣẹ nìkan kò tó. Ẹ fi sípírítì ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ tí òórùn àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ wá ìgò mìíràn.

Èkejì, ẹ jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, tí oòrùn kò dé, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Bí ìgò ńlá náà bá ní ìdérí tí ó ṣe é ṣí, ẹ fi sìríńjì fa ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì rọra tì í sínú ìgò kékeré láti ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀, kí ó má baà hó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ nínú sìríńjì, nítorí pé sípírítì a máa mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú. Bí ó bá jẹ́ àrọ ni ẹ ń lò, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dà á. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko.

Bí ìgò ńlá náà bá jẹ́ èyí tí a ń tẹ̀ lórí, tí wọ́n sì ti fi irin ká ọrùn rẹ̀, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tú u. Ọ̀pọ̀ ti gé ara wọn lọ́wọ́ nípa bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fọ́ ìgò. Ẹ gbé àrọ sẹ́nu ìgò kékeré, kí ẹ sì máa tẹ orí ìgò ńlá sínú àrọ náà níṣẹ̀ẹ́jẹ́, pẹ̀lú sùúrù. Títẹ̀ kan a máa tú nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlílítà jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: kí mìlílítà 10 tó pé, a ó tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Bí ẹni tí ó ni ín bá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, yóò tó o lò fún ọjọ́ 25. Nítorí náà, kò sí ìdí láti gbé ìgò ńlá lọ sí ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe rọ ọ́ kún dé ẹnu. Ohun olómi a máa fẹ̀ bí ooru bá mú un, sípírítì a sì máa fẹ̀ ju omi lọ. Bí kò bá rí àyè nínú ìgò, ìdérí ni yóò tì. Lójú òfuurufú pẹ̀lú, agbára afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kéré sí ti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ìgò yóò sì fẹ́ jáde. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ dé e pinpin, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ kodò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí aṣọ funfun. Bí aṣọ kò bá tutù, ìdérí náà dára. Ẹ wá fi ọ̀rá wé e kí ẹ tó gbé e sáàárín ẹrù.

Nísinsìnyí a dé ọ̀rọ̀ ààbò ilé. Sípírítì inú lọ́fíńdà a máa di ìkùukùu tí ojú kò lè rí, ìkùukùu náà sì ṣetán láti gbiná bí iná bá kàn án nígbà tí ooru kò tilẹ̀ tó 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lọ́sàn-án, ní ilẹ̀ wa, kódà nínú ọyẹ́, ooru a máa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó tún yẹ kí a mọ̀ ni pé ìkùukùu yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá mọ́. Ẹni tí ó ń rọ lọ́fíńdà lórí tábìlì lè rò pé fìtílà tí ó wà nílẹ̀ ní igun yàrá jìnnà sí òun, kí iná náà sì tọ ìkùukùu wá bá a. Nítorí náà, ẹ má ṣe ṣe iṣẹ́ yìí ní ibi tí àbẹ́là, fìtílà, adògán tàbí sìgá bá wà. Bí díẹ̀ bá sì gbiná, ẹ má ṣe fẹ́ ẹ lẹ́nu. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tàbí iyanrìn bò ó mọ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ewu kejì ni ti ìgò tí kò ní orúkọ. Àwọn òbí púpọ̀ ti sunkún nítorí kẹrosíìnì tí wọ́n rọ sínú ìgò ohun mímu, tí ọmọ kékeré sì gbé e mu. Lọ́fíńdà kò yàtọ̀ sí i: sípírítì inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọtí líle tí ẹ lè rí lọ́jà lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ sì lè pa ọmọ kékeré lára. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò oògùn, pàápàá ìgò oògùn ojú, tí ẹnì kan lè ṣèèṣì kán sójú lóru. Ẹ kọ orúkọ lọ́fíńdà náà àti ọjọ́ tí ẹ rọ ọ́ sára ìwé pélébé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Ó ku ohun kẹta, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù lọ fún ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí tà. Bí oníṣòwò bá ní mìlílítà 100, tí ó sì ń rọ mìlílítà 10 sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ìgò mẹ́wàá ni yóò rí lórí ìwé. Ní ti gidi, díẹ̀ yóò kù sára àrọ, díẹ̀ yóò sì fò lọ. Bí ẹnì kan bá wá rí ìgò méjìlá nínú rẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tí ó fi kún un.

Ohun tí ó fi kún un lè jẹ́ omi tàbí òróró olówó pọ́ọ́kú. Ìyẹn jẹ́ olè jíjà lásán. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ sípírítì tí kò mọ orísun rẹ̀, ìyẹn sì lè di ikú. Irú sípírítì kan wà tí a ń pè ní methanol, tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó yẹ, tí imú kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́tọ̀. Májèlé ni, a máa gba inú awọ ara àti ihò imú wọlé, a sì máa ba ojú jẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn kan ṣàdédé di bàìbàì, wọ́n dákú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ onírúurú nǹkan nípa rẹ̀, títí àyẹ̀wò fi fi hàn pé methanol tí ó wà nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu ni ó fà á. Bí àwọn tí ó mu ún kò bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀ lẹ́nu, báwo ni ẹni tí ń ra lọ́fíńdà lọ́jà yóò ṣe mọ̀ ọ́n?

Ìjọba dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ, oògùn àti àwọn ohun ìṣaralóge, a sì ń kọ nọ́ńbà àjọ náà sára ọjà tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti rọ lọ́fíńdà kúrò nínú ìgò ńlá, nọ́ńbà náà kò bá a dé inú ìgò kékeré. Ara ìgò ńlá ni ó kù sí. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹlẹ́rìí mọ́ bí kò ṣe ọwọ́ ẹni tí ó rọ ọ́. Ìdí nìyí tí oníṣòwò olóòótọ́ fi máa ń rọ ọjà rẹ̀ lójú oníbàárà, tí ó sì máa ń jẹ́ kí ó rí ìgò ńlá tí ó ti ń bù ú. Bí ó bá sì jẹ́ òróró tí a fi fara wé lọ́fíńdà olókìkí kan ni ó ń tà, yóò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí àbùkù nínú títa àfarawé, bí kò ṣe nínú fífi orúkọ ojúlówó pè é.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rọ lọ́fíńdà fún ara yín tàbí fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti òbí yín tí ń lọ sí ìrìnàjò. Àwọn díẹ̀ nínú yín yóò sì fi í ṣe òwò. Ẹ fọ ìgò kí ó mọ́, kí ó sì gbẹ. Ẹ jìnnà sí iná. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, ẹ dé e pinpin, ẹ sì gbé e sí òkùnkùn. Ní ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ kọ sára ìgò jẹ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní ti irọ́ lọ́fíńdà, kì í tó ogún ọdún rárá, nítorí pé kí oníbàárà tó dé ilé rẹ̀ ni imú rẹ̀ yóò ti sọ fún un.